Geeske Wiersma àti Iye Owó Oògùn Durk

Ní Tersyl, abúlé wa ní Nẹ́dálándì, bí ẹnìkan bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, gbogbo ilé ni à ń kí. A ó kí ọlọ́jọ́ ìbí, a ó kí ìyàwó rẹ̀, a ó kí ìyá rẹ̀ bí ó bá ṣì wà láyé, a ó sì kí aládùúgbò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú, bí ẹni pé àwọn náà ló fi ọdún kan kún ọjọ́ orí wọn. Lẹ́yìn náà, a ó fi àga yí yàrá ká, a ó gba kọfí àti kéèkì, ọ̀rọ̀ yóò sì máa ti ẹnu ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Nínú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè tààrà, ìdáhùn tààrà ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀. Inú irú ìjókòó yìí ni Geeske Wiersma wà lọ́jọ́ tí Durk Postma pé ọgọ́ta ọdún. Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí kò yẹ kó sọ.

Durk ni olùtọ́jú afárá abúlé wa. Òun ló máa ń gbé afárá sókè nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá fẹ́ kọjá, tí yóò sì na ọ̀pá sí àwọn ará ọkọ̀ kí wọ́n lè ju owó sínú bàtà onígi tó so mọ́ ọn lórí. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọ̀ ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ata rodo tó fẹ́ pọ́n tí kò tíì pọ́n tán. Àwọn dókítà ní jẹjẹrẹ ló mú ọ̀nà òróòro rẹ̀. Oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fà sí i lára kò ràn án. Ìkejì jẹ́ oògùn oníhóró tuntun tó ń lò láràárọ̀, èyí sì dá àìsàn náà dúró. Durk tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tí kò ju owó sínú bàtà rẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba kò tíì gbà láti máa san owó oògùn yìí. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fọwọ́ sí i pé ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n bí oògùn bá wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ìjọba Nẹ́dálándì máa ń dá a dúró lẹ́nu ibodè, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì dúnàádúrà lórí iye rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ìbánidófò ìlera san án fún aláìsàn. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń fà á, ilé-iṣẹ́ tó ni oògùn náà ń fún Durk àti àwọn mélòó kan bíi tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ bá ṣe àdéhùn, gbogbo aláìsàn yóò rí i gbà. Bí ilé-iṣẹ́ bá bínú kúrò nídìí ọjà, ti ọ̀fẹ́ náà yóò dópin.

“Ẹ ò rí ayé,” ni Durk wí lọ́jọ́ náà, kéèkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. “Láti kékeré ni mo ti ń dá ọkọ̀ dúró lórí omi. Ìjọba wá dá èmi náà dúró.”

“Ó kéré tán, àwọn ọkọ̀ yẹn ń sanwó fún ẹ,” ni Wiebe dá a lóhùn. Wiebe ni ẹ̀gbọ́n Baukje, ìyàwó Durk. Màlúù ló ń sìn, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé òdì kejì odò.

“Àwọn ará Jámánì nìkan ló ń sanwó. Ẹ̀yin ará ilé kàn máa ń ṣe bíi pé ẹ ò rí bàtà mi ni.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wiebe yí sí Geeske.

“Geeske, ilé-iṣẹ́ yín ló ni oògùn yìí. Sọ fún wa. Èló lẹ máa gbà gan-an?”

“Wiebe, jẹ́ kó jẹ kéèkì ẹ̀,” ni Baukje wí.

“Kí ló dé? Mo kàn bi í ni. Nígbà tí mo bá fẹ́ ta màlúù, mo máa ń sọ iye tí mo fẹ́ gbà.”

“Irọ́ lò ń pa,” ni Durk wí. “Ìgbà tó o ta mọ́tò yẹn fún mi, ṣé o sọ fún mi pé bíréèkì ẹ̀ ti kú?”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Wiebe kò gbé ojú kúrò lára Geeske, àwọn tó kù náà sì ń wò ó. Durk ń wò ó pẹ̀lú. Geeske gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

“Tí ìjọba bá gbà kí iye yẹn wà ní ìkọ̀kọ̀, àwọn ọ̀gá wa á gba ìdajì ohun tí wọ́n ń bèèrè,” ni ó wí. “Lọ́la pàápàá, wọ́n á gbà á. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni kí gbogbo ayé rí i.”

“Ìdajì,” ni Wiebe wí. “Kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ nígbà náà, kí gbogbo wa lọ sùn.”

Baukje dìde, ó bu kọfí sí ife àwọn àlejò.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Geeske jẹ́, torí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé aláròyé ni. Ọmọ àgbẹ̀ oníwàrà ni, nínú abúlé wa yìí náà ni wọ́n bí i sí. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oògùn ní Groningen, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń po oògùn jẹjẹrẹ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan nínú ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn fún irú àìsàn tó mú Durk, ó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, ó lọ bá wọn. Lẹ́yìn tí oògùn náà yọrí sí rere, àwọn olówó kan ní ìlú Zurich, ní ilẹ̀ òkèèrè, ra ilé-iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ Geeske ti di pé kó máa kó ẹ̀rí jọ lórí ìdí tó fi yẹ kí ìjọba sanwó, kó sì máa dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí aṣojú ilé-iṣẹ́. Kò ní ọkọ. Bí odò bá dì ní ìgbà òtútù, òun àti Baukje ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí yìnyín pẹ̀lú bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí rẹ̀, torí pé láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti jọ ń rìn. Ó ti sọ fún pásítọ̀ wa rí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pé ìwàásù rẹ̀ gùn ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Pásítọ̀ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń gbé níbí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n iye tó sọ nínú ìjókòó yẹn kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ré títì kọjá lọ bá Baukje, ẹni tó ń sá aṣọ ibùsùn sórí okùn.

“Baukje, ohun tí mo sọ lánàá yẹn…”

“Èwo nínú ẹ̀? O sọ̀rọ̀ púpọ̀. O ní kéèkì mi gbẹ.”

“Ó gbẹ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ìdajì yẹn ni mò ń sọ. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.”

“Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àbí àwọn adìyẹ?”

“Bá mi kìlọ̀ fún Wiebe náà.”

“Wiebe ti gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní màlúù nínú, kì í sùn mọ́jú nínú orí ẹ̀.” Ó na aṣọ kan tán, ó wò ó. “Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù tó báyìí?”

Geeske kò lè dáhùn ìyẹn láìtún sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ohun tí Reto Zumbühl sọ fún un lórí fóònù ṣáájú ọjọ́ ìbí náà. Reto ni olórí àwọn tó ń bójú tó iye owó oògùn ní Zurich. Kì í pariwo, kì í sì í sọ ohun tí kò ní lọ́kàn.

“Geeske, ẹ gbọ́ mi dáadáa,” ni Reto wí. “A lè dín owó rẹ̀ kù fún yín. A ò lè jẹ́ kí aráyé rí i. Bẹ́ljíọ̀m ń wo iye tí ẹ ń san kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Àwọn mìíràn náà ń wò yín. Iye tí ẹ bá kọ sára ògiri nílé yín ni gbogbo wọn máa gbé wá bá mi. Orílẹ̀-èdè yín kéré. Tí ó bá máa ba ọjà jẹ́ fún wa níbòmíràn, a máa fi í sílẹ̀.”

“Owó ará ìlú la ń sọ yìí, Reto. Ìlànà tó dára ni kí àwọn tó ń sanwó mọ iye tí wọ́n ń san. Mo ti sọ ọ́ fún yín rí.”

“Ẹ ti sọ ọ́. Mo sì ti gbọ́.”

“Àwọn tó ti ń lo oògùn náà ńkọ́, tí a bá fi í sílẹ̀?”

“Tí a bá lọ, a lọ nìyẹn.”

“Ọ̀kan nínú wọn ń gbé ní iwájú ilé mi.”

“Mi ò fẹ́ mọ ìyẹn,” ni Reto wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ irú ẹ̀ fún mi mọ́.”

Ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ oògùn máa ń jókòó ní gbangba, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Amsterdam. Ẹni tó bá wù ú lè wọlé, ẹni tó bá wù ú sì lè wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ilé rẹ̀. Wọ́n tún máa ń fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn láyè láti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Baukje ti forúkọ sílẹ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ ìjókòó náà, òun àti Geeske jọ wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, wọ́n jókòó kojú ara wọn, Baukje sì tú búrẹ́dì oníwàràkàṣì tó dì wá fún àwọn méjèèjì.

“Jẹ́ kí n ka tèmi fún ẹ,” ni Baukje wí. Ó kà á. Ó sọ bí Durk ṣe tún ń gun kẹ̀kẹ́, àti bí ọmọ ọmọ wọn ṣe ń bá a gbé ọ̀pá lórí afárá. Kò sí ọ̀rọ̀ iye owó kankan nínú rẹ̀. Geeske ń tẹ́tí sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, àyà rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ó dára gan-an. Yọ ibi tó o ti pe mínísítà ní ẹlẹ́nu méjì.”

“Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.”

“Mo mọ̀. Yọ ọ́.”

Baukje fi bírò fa ilà sí i. “O ń jẹ búrẹ́dì mi, o tún ń gé ọ̀rọ̀ mi,” ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọ́n jọ rín gbẹ̀yìn fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Mechteld Roelants ló ṣe alága ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ti jẹ́ dókítà rí. Lẹ́yìn tí Geeske ti sọ ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tán, alága fi ọ̀rọ̀ lé ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé kan lọ́wọ́, Quirijn Blom. Ọkùnrin náà kì í ṣe òǹrorò. Ó ní oògùn náà dára, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń bèèrè lórí aláìsàn kan lọ́dún kan tó láti fi san owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ bá àwọn arúgbó nílé, àwọn arúgbó náà kò sì sí nínú gbọ̀ngàn láti sọ̀rọ̀ fún ara wọn. Ó ní iye owó náà gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ó tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sí gbangba, kí gbogbo ènìyàn rí i, torí pé ilé-iṣẹ́ tó bá ń fi iye owó pa mọ́ ní ohun tó ń pa mọ́.

Geeske gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọkàn.

Wọ́n pe Baukje. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ka gbólóhùn àkọ́kọ́, ó wo ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì ká ìwé rẹ̀.

“Mo kọ nǹkan wá, mi ò ní kà á mọ́,” ni ó wí. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ní kí iye yẹn wà ní gbangba. Kí ni mo fẹ́ fi gbangba ṣe? Ṣé gbangba ló máa gbé ọkọ mi dìde láràárọ̀ ni? Mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ yìí máa gba ìdajì tí ẹ bá jẹ́ kó wà ní ìkọ̀kọ̀. Ìdajì! Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sọ ọ́. Ẹ̀yin sì jókòó síbí, ẹ ń sọ̀rọ̀ gbangba ṣáá. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀! Ẹ bò ó mọ́lẹ̀, kí Durk máa gbé afárá ẹ̀ sókè.”

Ìgbà tó dákẹ́ ló tó mọ ohun tó ti sọ. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn oníròyìn méjì ti ń tẹ kọ̀ǹpútà wọn kíákíá.

“Ìyáàfin Postma,” ni alága wí, “ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

“Ẹnìkan ni.”

“Ẹnìkan láti ilé-iṣẹ́ náà?”

Baukje fi ọwọ́ di ìwé rẹ̀ mú. Alága yí ojú sí ìjókòó ìwájú. “Aṣojú wọn wà níbí. Ìyáàfin Wiersma, ṣé òótọ́ ni ohun tí a gbọ́ yìí?”

Fóònù Geeske gbọ̀n lórí itan rẹ̀. Reto ń wò wọ́n láti Zurich. Ohun tó kọ ránṣẹ́ kò gùn. “Ẹ sẹ́ ẹ. Ní báyìí. Tí ẹ ò bá sẹ́ ẹ, a ti kúrò.”

Geeske mọ̀ pé Reto kì í halẹ̀ lásán. Tí òun bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Bẹ́ljíọ̀m àti àwọn tó kù yóò ti gbọ́ kí oòrùn tó wọ̀, Zurich yóò sì kó ẹrù wọn kúrò ní Nẹ́dálándì, páálí oògùn tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Durk ni yóò sì jẹ́ ìkẹyìn. Tí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tí kò ní ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí bẹ́ẹ̀ ni. Tí òun bá sọ pé rárá, ọ̀rẹ́ òun yóò di òpùrọ́ lójú gbogbo orílẹ̀-èdè. Bóyá irọ́ náà kò tilẹ̀ ní ṣiṣẹ́, torí pé yàrá tó kún fún ènìyàn ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òun. Baukje kàn ní láti dárúkọ Wiebe ni.

Ó dìde.

“Rárá,” ni ó wí. “Kò sí irú iye bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ibi tí Ìyáàfin Postma ti gbọ́ ọ.”

Kò tíì pe Baukje bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Alága padà sọ́dọ̀ Baukje. “Ṣé ẹ fẹ́ fi nǹkan kún un?”

Baukje ń wo Geeske. Ẹnu rẹ̀ ti là. Geeske rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé etí ètè rẹ̀, ó sì di etí àga mú títí tí èékánná rẹ̀ fi funfun. Baukje pa ẹnu dé.

“Ó lè jẹ́ pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa,” ni ó wí, ó sì lọ jókòó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Blom tẹ̀ síwájú, ó ní ó yé àwọn, pé nígbà tí ọkàn bá dàrú, ènìyàn lè gbọ́ ohun tó ń fẹ́ gbọ́. Tinútinú ló fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ rere yẹn dun Geeske ju èébú lọ.

Ìmọ̀ràn tí ìgbìmọ̀ fún mínísítà ni pé kó dúnàádúrà títí iye owó náà yóò fi já wálẹ̀ gidigidi, kó sì ṣí i sí gbangba bí ó bá ṣeé ṣe. Nínú “bí ó bá ṣeé ṣe” yìí ni Zurich rí àyè dúró sí.

Baukje wọ ọkọ̀ ojú irin tó tẹ̀ lé ti Geeske padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ìyàwó aláìsàn kan gbé ìròyìn tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ ló fún un lówó kó wá sọkún. Àwọn mìíràn káàánú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, Wiebe dá Geeske dúró lórí afárá.

“Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ!” ni ó wí, tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ìsàlẹ̀ sì gbé ojú sókè. “Lórí àga aláwọ̀ ewé yẹn lo jókòó sí. Àbí etí mi ti di ni?”

“Mi ò ní sọ nǹkan kan, Wiebe.”

“Èmi máa sọ ọ́! Mo máa pe ìwé ìròyìn yẹn lónìí. Àbúrò mi kì í ṣe òpùrọ́. Ìwọ ni òpùrọ́, ìwọ àti ilé-iṣẹ́ ẹ.”

“Tó o bá pè wọ́n…” Geeske kò parí rẹ̀. Ó ti fi ẹnu tú nǹkan lẹ́ẹ̀kan, kò tún fẹ́ ṣe é mọ́.

“Tí mo bá pè wọ́n, kí ló máa ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan.”

Wiebe gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Láràárọ̀ ni Geeske ń ṣí ìwé ìròyìn pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jáde. Kò mọ ìdí rẹ̀.

Wọ́n dúnàádúrà jálẹ̀ gbogbo ìgbà òtútù. Zurich kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn pé bí kò bá sí àdéhùn títí òpin oṣù kẹta, àwọn kò ní lè fúnni ní oògùn ọ̀fẹ́ mọ́. Geeske kò sí nínú yàrá ìdúnàádúrà, Reto kò sì sọ nǹkan fún un. Ohun tí ojú rẹ̀ lè tó nìkan ló ń wò. Bí ọmọ ilé oògùn bá gbé páálí funfun wá síwájú ilé Durk, yóò mí kanlẹ̀. Ní oṣù kẹta, wọ́n gbé páálí kan wá, nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e sì sọ fún Durk pé òun kò lè ṣèlérí òmíràn. Odò dì gbagidi lọ́dún náà. Baukje nìkan ló ń sáré lórí yìnyín.

Nígbà tí oṣù náà ku díẹ̀ kó parí, rédíò gbé ìròyìn jáde láàárín ọ̀rọ̀ nípa owó wàrà àti ti ojú ọjọ́. Mínísítà ti bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ ìbánidófò yóò máa san owó oògùn náà fún gbogbo ẹni tí àìsàn yẹn bá mú. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí yóò wà ní ìkọ̀kọ̀.

Geeske pa rédíò. Ó pe Zurich.

“Ìdajì ni?” ni ó bèèrè.

“Ẹ mọ̀ pé mi ò lè dáhùn ìyẹn,” ni Reto wí. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Báwo ni ẹni tó ń gbé ní iwájú ilé yín?”

“Ẹ ní ẹ ò fẹ́ mọ̀.”

Geeske sọ fún un nínú ìpè kan náà pé òun kò lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ yẹn mọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ó padà sí ilé ìwòsàn ní Groningen, sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń po oògùn, níbi tó ṣì wà títí di òní.

Ní ọ̀sẹ̀ tí oògùn tí ìjọba san owó rẹ̀ kọ́kọ́ dé, Durk wá sẹ́nu ọ̀nà Geeske. Ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ dára. Ó kọ̀ láti wọlé.

“Mo wá dúpẹ́,” ni ó wí. “Baukje ò mọ̀ pé mo wá.”

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

“Ṣé o parọ́ níbẹ̀ yẹn?”

“O wà nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ ìbí ẹ, Durk. O gbọ́ mi.”

“Ẹnu ẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.”

“Mo parọ́.”

Durk mi orí. “Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún,” ni ó wí, ó sì padà sílé rẹ̀.

Ó di ọjọ́ kejì kí Geeske tó lè ré títì náà kọjá. Baukje fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò ní kó wọlé.

“Mo parọ́ mọ́ ẹ,” ni Geeske wí.

“Mo mọ̀.”

“Tí mo bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á…”

“Mo ní mo mọ̀. Kí lo rò pé mo jókòó fún?” Baukje ká apá lé àyà. “Mo ti fẹ́ dárúkọ Wiebe, mo ti fẹ́ dárúkọ gbogbo ẹni tó jẹ kéèkì mi. Mo wá rí ojú ẹ. Láti kíláàsì kìíní, mi ò rí ojú ẹ báyẹn rí. Mo ní nínú ara mi, tí Geeske bá lè dúró níbẹ̀ kó máa parọ́, a jẹ́ pé Durk máa kú tí kò bá parọ́ ni.”

Geeske fi ọwọ́ ti òpó ẹnu ọ̀nà. “Wiebe náà…”

“Èmi ni mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé. Mo ní tó bá pe ìwé ìròyìn, kó má jẹun nílé yìí mọ́ láyé. Ìyẹn yé e.”

“Baukje, mi ò mọ ohun tí mo lè…”

“Má tíì yọ̀.” Ohùn Baukje lọ sílẹ̀. “Nílé búrẹ́dì, wọ́n ń fi ohùn kékeré bá mi sọ̀rọ̀, bíi pé orí mi ti dàrú. Pásítọ̀ gan-an gbàdúrà fún ọkàn mi. Òótọ́ ni mo sọ, Geeske! Mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òótọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí Durk bá ṣì ń gbé oògùn yẹn mì. Èmi ni mo máa gbé e kiri. Ìwọ sọ̀rọ̀ kan péré, o sì jókòó.”

“Kí ni kí n ṣe?”

“Kò sí nǹkan kan. Mi ò bínú sí ẹ, mi ò sì fẹ́ rí ẹ. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́. Máa lọ ná.”

Láti inú ilé, ohùn Durk bèèrè bóyá Geeske ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sọ fún un kó wọlé wá mu kọfí.

“Òun ni,” ni Baukje dá a lóhùn láìyí orí padà. “Ó ti ń lọ.”

Geeske sì lọ.